Sípíríǹgì Inú Ọwọ́ Jíà Kẹ̀kẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi òwe yìí sọ́kàn bí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí, nítorí pé ohun tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kò tóbi ju hóró àgbàdo kan lọ. Wáyà tín-ín-rín kan ni, tí a ká bí ìgbín ti ká nínú ìkarahun rẹ̀, tí a sì fi pamọ́ sínú ọwọ́ jíà kẹ̀kẹ́. Ẹni tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ lè gùn ún fún ọdún mẹ́wàá kí ó má fi ojú kàn án. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó bá ṣẹ́, ẹni náà yóò mọ̀ pé ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé àárín òkè ni ó ti ṣẹ́, ó lè fi ìfarapa mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ọkọ̀ kò tíì pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, kẹ̀kẹ́ ológeere ni ẹsẹ̀ olùkọ́, ti ajíhìnrere, ti akọ̀wé kóòtù àti ti àwọn tí ń lọ ra kòkó ní oko. Lóde òní, ọ̀kadà ti gba ipò rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi, síbẹ̀ kẹ̀kẹ́ kò parẹ́. Ilẹ̀ wa kì í sì í ṣe ilẹ̀ tí ó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ẹni tí ó bá ti gba Òkè Mápó kọjá ní Ìbàdàn, tàbí tí ó ti rìn láàrin àwọn àpáta Abẹ́òkúta, tàbí tí ó mọ àwọn ọ̀nà Èkìtì, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ bèèrè ìdí tí a fi ń fi jíà sí ara kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ tí kò ní jíà a máa sọ ẹni tí ń gùn ún di ẹni tí ń tì í.

1. Iṣẹ́ tí jíà ń ṣe

Oríṣi jíà méjì ni ó wọ́pọ̀ lára kẹ̀kẹ́. Èkíní ni èyí tí ṣéènì fi ń fò láti orí irin eléyín kan bọ́ sí orí òmíràn. Èkejì ni èyí tí gbogbo irin rẹ̀ pamọ́ sínú họ́ọ̀bù ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ti inú họ́ọ̀bù yìí ni a óò fi ṣe ẹ̀kọ́ wa, nítorí pé ọwọ́ jíà rẹ̀ kò ní ẹ̀yà púpọ̀, ó sì ṣe é fi ojú rí bí ó ti ń ṣiṣẹ́.

Ìlú Nottingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a ti ṣe èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Frank Bowden, ẹni tí ó ni ilé iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ Raleigh, ni ó náwó sí i. Orúkọ ọkùnrin méjì, Henry Sturmey àti James Archer, ni a sì so pọ̀ tí a fi ń pè é ní Sturmey-Archer. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wádìí ìtàn náà fi hàn wá pé William Reilly ni ó ronú kan jíà onípele mẹ́ta ti àkọ́kọ́. Ìwé àdéhùn tí ó ti fọwọ́ sí ṣáájú ni kò jẹ́ kí ó lè fi orúkọ ara rẹ̀ gba àṣẹ lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, nítorí náà orúkọ Archer ni a fi gbà á. Ẹ wò ó bí ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ti pamọ́, gẹ́gẹ́ bí sípíríǹgì ti pamọ́ sínú irin.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò yẹ iṣẹ́ jíà wò. Ká ní irin eléyín iwájú, èyí tí ẹsẹ̀ ń yí, ní eyín 48, tí ti ẹ̀yìn sì ní eyín 16. Nígbàkígbà tí a bá yí pẹ́dáàlì po lẹ́ẹ̀kan, irin eléyín ẹ̀yìn yóò yí po lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ipele kejì, bí irin yìí bá ti yí ni ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà ń yí, èyí ni ẹ̀ẹ̀mẹta. Ní ipele kìíní, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ni ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yóò yí, èyí ni 2¼. Ní ipele kẹta, yóò fi ìdá kan nínú mẹ́ta lé e, yóò sì yí po lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí ó fẹ̀ ní íǹṣì 28 láti etí kan dé èkejì a máa rin íǹṣì 88 bí ó bá yí po lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, pẹ́dáàlì yíyí kan ṣoṣo yóò gbé wa lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 16 àti íǹṣì 6 ní ipele kìíní. Ẹsẹ̀ bàtà 22 ní ipele kejì. Àti ẹsẹ̀ bàtà 29 àti íǹṣì 4 ní ipele kẹta.

Láti inú ìṣirò yìí ni a ti lè rí i pé jíà kì í fún ẹnikẹ́ni ní agbára ọ̀fẹ́. Bí ó bá mú kí òkè rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn, yóò dín ọ̀nà tí a ń rìn kù. Bí ó bá mú kí a sáré ní ilẹ̀ títẹ́jú, yóò bèèrè agbára púpọ̀ lọ́wọ́ ẹsẹ̀. Ọjà ni, ohun tí a bá fi sílẹ̀ ni a fi ń gba òmíràn.

2. Bí ọwọ́ jíà ti ń bá họ́ọ̀bù sọ̀rọ̀

Nínú họ́ọ̀bù irú kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1936, tí a ń pè ní AW, irin eléyín kékeré kan wà ní àárín gbùngbùn. Ó lẹ̀ mọ́ ọ̀pá họ́ọ̀bù, kì í sì í yí. Eyín 20 ni ó ní. Irin eléyín mẹ́rin mìíràn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní eyín 20, ń yí i ká bí ọmọdé ti ń ṣeré yí ìyá wọn ká. Òrùka ńlá kan, tí ó ní eyín 60 ní inú, ni ó wá ká gbogbo wọn mọ́. Ẹ fi 20 ti àárín kún 60 ti òrùka, ó di 80. Bí agbára bá gba ara òrùka wọlé, tí ó sì gba ara àwọn mẹ́rin jáde, a ní 60 nínú 80, èyí ni ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Bí ó bá gba ara àwọn mẹ́rin wọlé, tí ó sì gba ara òrùka jáde, ó di 80 lórí 60, èyí ni odindi kan àti ìdá kan nínú mẹ́ta. Bí ó bá sì gba ara òrùka wọlé tí ó tún gba ibẹ̀ jáde, kò sí àfikún, kò sí àyọkúrò.

Wáyà jíà ni ń yan ọ̀nà tí agbára yóò gbà. Láti ọwọ́ jíà tí ó wà lára ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ni wáyà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ìparí rẹ̀ ni ṣéènì kékeré kan tí ó wọ inú ọ̀pá họ́ọ̀bù lọ. Bí a bá fa wáyà le gan-an, ipele kìíní ni a wà. Bí a bá dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, a bọ́ sí ipele kejì. Bí a bá dẹ̀ ẹ́ pátápátá, ipele kẹta ni. Ẹ ṣàkíyèsí pé sípíríǹgì kan tún wà nínú họ́ọ̀bù tí ń fa wáyà náà padà nígbà gbogbo. Nítorí náà, ipele kẹta ni jíà yóò sá lọ nígbàkígbà tí kò bá sí ohun tí ó dá a dúró.

Kí ni ó ń dá a dúró? Iṣẹ́ ọwọ́ jíà nìyẹn. Nínú rẹ̀, irin pẹlẹbẹ kan wà tí a gé eyín sí létí. Irin kékeré mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ mú bí èékánná àṣá. A óò máa pè é ní èékánná. Bí a bá fa ọwọ́ jíà, irin eléyín yóò yí, èékánná yóò sì bọ́ sáàárín eyín kan, a óò gbọ́ tí ó dún kẹ́. Níbẹ̀ ni yóò ti di wáyà mú. Sípíríǹgì tí a ń sọ ni ó ń ti èékánná náà mọ́ eyín, tí kì í jẹ́ kí ó gbé ojú sókè. Èékánná ni ó ń di ẹrù mú. Sípíríǹgì ni kò jẹ́ kí èékánná sùn lẹ́nu iṣẹ́.

3. Ewu tí ó wà nínú rẹ̀

Láàrin ipele kejì àti ìkẹta, àlàfo kan wà nínú irú họ́ọ̀bù yìí. Bí wáyà bá dúró sí ojú àlàfo náà, pẹ́dáàlì yóò máa yí lófìfo, kò sì ní gbé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ rárá. Bí ọwọ́ jíà bá pé, a kì í dúró níbẹ̀. A kàn ń ré e kọjá ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ro ti ẹnì kan tí ń gun òkè ní ipele kìíní, tí ó fi ìjókòó sílẹ̀, tí ó dìde dúró lórí pẹ́dáàlì, tí ó sì gbé gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ lé ẹsẹ̀ kan. Bí sípíríǹgì bá ṣẹ́ ní ìṣẹ́jú náà, èékánná yóò yọ, họ́ọ̀bù yóò fa wáyà padà, jíà yóò sì sá la àlàfo náà kọjá. Lójijì, kò sí ohun tí ó gbé ẹsẹ̀ ẹni náà dúró mọ́. Pẹ́dáàlì yóò já wálẹ̀, ara yóò sì tẹ̀ lé e. Àyà lè gbá ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó sì lè ṣubú sí ojú ọ̀nà níwájú ọkọ̀ tí ń bọ̀.

Sípíríǹgì tí ó ti rẹ̀ tún burú ju èyí tí ó ti ṣẹ́ lọ. Èyí tí ó ṣẹ́ ti sọ òtítọ́ fún wa; a mọ̀ pé kò sí. Èyí tí ó rẹ̀ a máa di jíà mú ní ilẹ̀ títẹ́jú, a óò sì gbẹ́kẹ̀ lé e; nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá bọ́ sí kòtò, tí ó sì gbọ̀n jìgìjìgì, ni yóò tó jáwọ́. Nítorí náà, bí jíà bá yọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìjẹ́ pé ọwọ́ wa kàn án, kí a má ṣe fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ di ọ̀la.

4. Ohun tí ń mú kí sípíríǹgì ṣẹ́

Ní ọdún 1678, Robert Hooke, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé kan jáde lórí ọ̀ràn sípíríǹgì. Ó fi hàn pé bí a bá ti fa sípíríǹgì tó ni yóò fi agbára fà padà tó. Bí a bá fà á ní ìlọ́po méjì, yóò fà padà ní ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n òpin wà fún ìfaradà irin gẹ́gẹ́ bí ó ti wà fún ti ènìyàn. Bí a bá fà á kọjá òpin rẹ̀, kò ní padà sí ipò rẹ̀ mọ́.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ sípíríǹgì ni a kò fà kọjá òpin tí wọ́n sì ṣẹ́. Àárẹ̀ ni ó pa wọ́n. Ìgbàkígbà tí a bá yí jíà ni wáyà náà ń tẹ̀ tí ó sì ń nà. Bí ojú kan bá wà lára rẹ̀ tí ó ní àpá, tàbí tí a tẹ̀ ní ẹ̀tẹ̀ jù, ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí là. Ojú kò lè rí ìlà náà, ṣùgbọ́n yóò máa jìn sí i díẹ̀díẹ̀ títí irin tí ó kù kò fi ní lè gbé ẹrù mọ́. Ìpẹtà sì ni ọ̀rẹ́ àárẹ̀. Ní ìgbà òjò, omi a máa wọ inú ọwọ́ jíà. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku a máa tẹ̀ lé e. Ìpẹtà yóò jẹ ara wáyà ní kòtò kéékèèké, kòtò kọ̀ọ̀kan yóò sì di ẹnu ọ̀nà fún ìlà tí a sọ yìí. Ẹni tí ó bá fi sípíríǹgì tuntun sí ibi tí ìpẹtà kún kò tíì tún nǹkan ṣe. Ó kàn sún ọjọ́ síwájú ni.

5. Kí a tó tú u

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi sípánà bẹ̀rẹ̀. Ojú àti etí ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀. Jíà lè yọ nítorí wáyà tí ó dẹ̀, nítorí eyín tí ó ti jẹ, nítorí àìsàn inú họ́ọ̀bù, tàbí nítorí sípíríǹgì. Láti mọ èyí tí ó jẹ́, kí a tú wáyà kúrò lára ṣéènì kékeré tí ó wọ inú họ́ọ̀bù. Lẹ́yìn èyí, kí a fi ọwọ́ kan fa wáyà náà, kí a sì fi èkejì yí ọwọ́ jíà. Bí a bá gbọ́ kẹ́, tí wáyà sì dúró gbọin-gbọin, ọwọ́ jíà kò ní ẹ̀bi. Ẹ lọ wo wáyà àti họ́ọ̀bù. Bí kò bá dún, tí wáyà sì ń yọ padà, kí a fi orí ìṣó ti èékánná mọ́ eyín. Bí ó bá dúró nígbà tí a tì í, tí ó sì yọ nígbà tí a fi í sílẹ̀, sípíríǹgì ni. Bí ó bá ń yọ bí a tilẹ̀ ti tì í mọ́lẹ̀, eyín tàbí ẹnu èékánná ni ó ti jẹ, sípíríǹgì tuntun kò sì lè wò ó sàn.

6. Bí a ti ń ṣe sípíríǹgì tuntun

Èkíní, kí a tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, kí a sì tú ọwọ́ jíà lórí rẹ̀, kí ohunkóhun tí ó bá já bọ́ má ṣe sọnù. Ní ara àwọn kan, ìṣó kékeré tí a lù pa lórí ni ó di ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀. A óò fi fáìlì rẹ́ orí rẹ̀, a óò sì wá òmíràn dípò rẹ̀. Kí a fi ọwọ́ bo ibi tí sípíríǹgì wà bí a ti ń ṣí i, nítorí pé ó lè ta sí ènìyàn lójú.

Èkejì, kí a má ṣe ju àjákù sípíríǹgì nù. Òun ni olùkọ́ wa. Kí a to àwọn àjákù rẹ̀ pọ̀, kí a wo bí wáyà rẹ̀ ti nípọn tó, iye ìgbà tí a ká a, apá tí a ká a sí, àti bí apá rẹ̀ méjèèjì ti gùn tó. Kí a yà á sí orí ìwé.

Ẹ̀kẹta, kí a fi kẹrosíìnì fọ inú ọwọ́ jíà, kí a sì fi orí pákò tí a ti rún dáradára họ ìpẹtà kúrò. Kí a nù ún gbẹ.

Ẹ̀kẹrin ni wíwá wáyà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wáyà bàbà kò wúlò, bẹ́ẹ̀ ni wáyà rírọ̀ tí a fi ń di nǹkan kò wúlò. Bí a bá tẹ̀ wọ́n, wọn kì í padà. Irin líle tí à ń pè ní sítíìlì ni a ń fẹ́. A lè rí i lára okùn gìtá tí kò ní ìwé-mọ́ra, tàbí kí a tú ẹyọ kan jáde lára wáyà bíréèkì àtijọ́, bí ìnípọn rẹ̀ bá bá ti àjákù mu. Ìnípọn ni kókó ọ̀ràn. Bí wáyà kan bá nípọn ní ìlọ́po méjì òmíràn, tí a sì ká wọn bákan náà, líle rẹ̀ kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po 16 ni. Nítorí náà, ẹni tí ó sọ pé òun yóò fi wáyà tí ó nípọn sí i kí ó má baà ṣẹ́ mọ́ yóò rí i pé ọwọ́ jíà náà kò ní ṣe é fà mọ́, èékánná yóò sì máa jẹ eyín run.

Ẹ̀karùn-ún, kí a wá ìṣó tí ó tín-ín-rín ju ihò àárín sípíríǹgì lọ, nítorí pé bí a bá ká wáyà líle tí a sì fi í sílẹ̀, yóò tú ara rẹ̀ díẹ̀, yóò sì fẹ̀ ju bí a ti ká a lọ. Kí a di ìṣó náà mú nínú fáìsì tàbí pùláyà, kí a sì ká wáyà mọ́ ọn lára ṣinṣin, sí apá kan náà tí a ká ti àkọ́kọ́ sí. Apá tí a ká a sí yìí ṣe pàtàkì: nígbà tí iṣẹ́ bá dé, ó yẹ kí ẹrù náà máa ká sípíríǹgì le sí i, kì í ṣe kí ó máa tú u. Bí ìkíní kò bá bá ìwọ̀n mu, kí a ṣe èkejì. Wáyà kò wọ́n. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Ẹ̀kẹfà, nígbà tí a bá fẹ́ tẹ apá méjèèjì, kí a má ṣe fi etí mímú pùláyà tẹ̀ wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan gbàù. Kí a tẹ̀ wọ́n mọ́ ara ìṣó kékeré, kí ibi tí wọ́n ti tẹ̀ lè rí roboto. Ẹ rántí pé ibi tí a bá ti tẹ̀ ní ẹ̀tẹ̀ jù ni àárẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí a fi fáìlì dán ẹnu rẹ̀ méjèèjì.

Ẹnì kan lè bèèrè pé, ṣé a kò lè ju wáyà náà sínú iná kí ó lè rọrùn láti tẹ̀? Ó tì o. Líle tí a fún irú wáyà yìí ní ilé iṣẹ́ ni iná yóò gbà lára rẹ̀, yóò sì di wáyà lásán. Alágbẹ̀dẹ tí ó mọ iṣẹ́ lè dá líle padà fún irin: yóò mú un pọ́n dẹ̀ẹ̀dẹ̀ẹ̀ nínú ẹwìrì, yóò rì í bọ inú òróró, yóò sì tún fi iná díẹ̀ yá a títí àwọ̀ ara rẹ̀ yóò fi yí sí ti aró. Ọgbọ́n àtọdúnmọ́dún ni èyí. Ṣùgbọ́n wáyà tín-ín-rín bí irun kì í gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń kọ́ṣẹ́. Kí a má ṣe fi iná kàn án rárá ni ó dára jù.

Èkeje, kí a tò ó padà, kí a sì kán òróró ẹ̀rọ díẹ̀ sí i. Kí a má fi gírísì tí ó ki kún inú rẹ̀, nítorí pé yóò kó eruku jọ, yóò sì dí èékánná lọ́wọ́ láti já bọ́ sáàárín eyín.

7. Ìdánwò iṣẹ́ náà

Iṣẹ́ kò tíì parí. A óò so wáyà padà mọ́ ṣéènì kékeré, a óò sì fi ọwọ́ jíà sí ipele kejì. Ní apá ọ̀tún họ́ọ̀bù, ojú ihò kékeré kan wà lára nọ́ọ̀tì tí ó di ọ̀pá mú. Bí a bá wo inú rẹ̀, a óò rí ọ̀pá tín-ín-rín tí a so ṣéènì náà mọ́. Ibi tí ọ̀pá tín-ín-rín yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí nípọn gbọ́dọ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú etí ọ̀pá họ́ọ̀bù. Bí kò bá ṣe déédéé, kí a yí irin ìfawáyà tí ó wà níbẹ̀ títí yóò fi ṣe déédéé, kí a sì fi nọ́ọ̀tì kékeré rẹ̀ dè é pa.

Lẹ́yìn èyí, kí a gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sókè, kí a fi ọwọ́ yí pẹ́dáàlì, kí a sì dán ipele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò. Lẹ́yìn náà, kí a gùn ún ní ilẹ̀ títẹ́jú, kí a tó gùn ún lọ sí ibi tí ó ga díẹ̀. Orí ìjókòó ni kí a wà ní gbogbo àkókò ìdánwò yìí. Kí ẹnikẹ́ni má dìde dúró lórí pẹ́dáàlì títí jíà yóò fi fi hàn pé òun ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé.

Bí sípíríǹgì bá ṣẹ́ ní ọ̀nà jíjìn, tí kò sí irinṣẹ́ lọ́wọ́, kí a tú wáyà kúrò lára họ́ọ̀bù pátápátá. Jíà yóò dúró sí ipele kẹta, kò sì ní yọ mọ́. Bí a bá dé òkè, kí a sọ̀ kalẹ̀ kí a ti kẹ̀kẹ́. Àwọn kan a máa fi rọ́bà ti èékánná mọ́ eyín. Ó lè gbé wọn dé ilé, ṣùgbọ́n òróró a máa jẹ rọ́bà, yóò sì já láìsọ tẹ́lẹ̀.

8. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́

Ní ọdún 2000, iṣẹ́ jíà Sturmey-Archer kúrò ní Nottingham, ilé iṣẹ́ SunRace ti ilẹ̀ Taiwan ni ó rà á. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ọwọ́ jíà ni a ṣe bí ẹni pé a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i láéláé. Bí ohun kan bá ṣẹ́ nínú rẹ̀, olùtajà yóò ní kí a ra odindi. Bí odindi kò bá sí ní ọjà, kẹ̀kẹ́ tí ó ṣì lágbára yóò di ohun tí a gbé ti ẹ̀yìnkùlé, adìyẹ yóò máa sùn lé e lórí. Nítorí wáyà tí kò tó hóró àgbàdo, a ti sọ ohun ìní nù.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó bá bàjẹ́ ni ó ṣe é tún ṣe, kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó yẹ kí ó tú ohun tí kò yé e. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti mọ ìdí tí nǹkan fi ń ṣiṣẹ́ ti ní ọ̀nà láti mọ ìdí tí kò fi ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹni tí ó kàn pààrọ̀ wáyà yóò pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ọdún tó yí po. Ẹni tí ó bèèrè ohun tí ó pa ti àkọ́kọ́, tí ó fọ ìpẹtà, tí ó tẹ wáyà ní roboto, tí ó sì kán òróró sí i, ni ó tún nǹkan ṣe. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí yóò gun òkè lórí kẹ̀kẹ́ náà ní ọ̀la yóò gùn ún ní àlàáfíà, bí kò tilẹ̀ ní mọ ẹni tí ó ṣe é fún un.

Àwọn ìbéèrè

1. Kí ni iṣẹ́ èékánná nínú ọwọ́ jíà? Kí ni iṣẹ́ sípíríǹgì lára rẹ̀?

2. Bí irin eléyín iwájú bá ní eyín 40, tí ti ẹ̀yìn ní 20, ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yóò yí po ní ipele kọ̀ọ̀kan bí a bá yí pẹ́dáàlì po lẹ́ẹ̀kan?

3. Kí ni ìdí tí òǹkọ̀wé fi sọ pé sípíríǹgì tí ó rẹ̀ burú ju èyí tí ó ṣẹ́ lọ?

4. Ṣàlàyé ìdí tí kò fi yẹ kí a fi wáyà tí ó nípọn jù, tàbí wáyà tí iná ti kàn, ṣe sípíríǹgì.

5. Lo gbólóhùn wọ̀nyí nínú ọ̀rọ̀ ara rẹ: gbọin-gbọin, lófìfo, jáwọ́, sún ọjọ́ síwájú.

6. Kọ àròkọ kan lórí ohun èlò kan ní ilé yín tí ẹ̀yà kékeré kan gbé ró. Ṣàlàyé bí ó ti ń ṣiṣẹ́, ohun tí ó lè bà á jẹ́, àti bí a ti lè tún un ṣe.